Aláìsàn tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá náà wá sí wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ wa, nọ́ọ̀sì tó fi í lé wa lọ́wọ́ sọ gbólóhùn kan tí etí gbogbo wa máa ń fẹ́ gbọ́: "Bàbá yẹn ò ní yọ yín lẹ́nu rárá." Òótọ́ ló sì sọ. Bàbá kì í pe nọ́ọ̀sì, kì í kérora, kì í ráhùn pé oúnjẹ tutù. Ọjọ́ mélòó kan gbáko ni a fi gba ìdákẹ́jẹ́ yẹn bí ẹni gba ìròyìn ayọ̀. Mo wà lára àwọn tó gbà á bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti yí àwọn nǹkan tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mi ò yí.

Ẹni ọdún 61 ni. Ó ti ń bá àtọ̀gbẹ yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọgbẹ́ kékeré kan yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kò sì dùn ún, nítorí àtọ̀gbẹ ti ba iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ jẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ti dúdú, kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná janjan, ó sì ń sọ̀rọ̀ kábakàba. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn oníṣẹ́ abẹ gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún kí ẹ̀mí má bàa bọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, torí bàbá fúnra rẹ̀ kò sí ní ipò tó lè fọwọ́ sí ohunkóhun. Ó lo ọjọ́ 4 ní ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ẹ̀rọ ló sì ń bá a mí fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó fa rọ́bà ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bá fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì kó má bàa tún fà á.

Ọjọ́ kẹfà ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ibà ti lọ, ojú ọgbẹ́ mọ́, ó mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí a wà. Nínú fáìlì rẹ̀, ẹnì kan kọ ọ́ pé: "A ti ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn." Mo ka gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ tó dé, mo sì ṣí ojú ewé tó kàn.

Ohun tí olúkúlùkù rí

Tí ẹ bá ní kí n ka àmì tó wà nílẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹfà sí ọjọ́ kẹwàá, mo lè kà á báyìí láìwo ìwé. Ìdajì oúnjẹ ló ń jẹ. Tí a bá ní kó jẹ sí i, "Mo ti yó" ni. Tí àwọn fisiò, ìyẹn àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti tún máa rìn, bá wá gbé e dìde, "Ó di ọ̀la" ni. Ògiri ló ń kọjú sí. Tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé, á pa ojú dé bí ẹni tó ti sùn, ọmọ náà á jókòó fún wákàtí kan, á sì lọ.

Kò sí èyí tó pamọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé olúkúlùkù rí ègé kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ rí àwo oúnjẹ, fisiò rí "Ó di ọ̀la", nọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ rí ọmọ tó ń jókòó ti ẹni tó sùn. Nígbà tí a bá sì ń fi iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́, ìfúnpá, ìwọ̀n ìgbóná ara àti ojú ọgbẹ́ la máa ń kà fún ara wa, àwọn wọ̀nyẹn sì dára. Ní ìsàlẹ̀ ìwé ìròyìn, èmi fúnra mi kọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ pé: "Ara aláìsàn balẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wálẹ̀ sí 3.1 mmol/L. Ìwọ̀n insulin, oògùn tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, tó yẹ ẹni tó ń jẹun tán là ń fún ẹni tó ń jẹ ìdajì. A fún un ní ohun dídùn mu, ojú rẹ̀ dá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì dín insulin kù. Ìgbà yẹn ni dókítà àgbà béèrè ohun tó yẹ kí a ti béèrè tipẹ́: kí ló dé tí bàbá yìí ò fi jẹun? Ó dùn mí láti kọ ọ́ pé nọ́mbà ló jí wa, nígbà tí ojú bàbá ti wà níwájú wa láti ọjọ́ kẹfà.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú

A kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe. A tù ú nínú. "Bàbá, ẹ ṣe ọkàn gírí." "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà." Nọ́ọ̀sì kan tí àánú pọ̀ nínú rẹ̀ sọ ìtàn ẹnì kan fún un tí kò ní ẹsẹ̀ méjèèjì tó sì ń ṣiṣẹ́ jẹun. Bákan náà ni bàbá ń dá gbogbo wa lóhùn: "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà, á kọjú sí ògiri.

Mo ti wá mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ń sọ fún un bí ó ṣe yẹ kí inú rẹ̀ rí, kó tó ráyè sọ bí ó ṣe rí. Bí inú rẹ̀ ò bá wá rí bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́ ló kù fún un, kó má bàa dà bí aláìmoore lójú àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Àánú ló wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n a ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fẹ́ kọ diazepam fún un kó lè sùn. Ọ̀gá rẹ̀ ní rárá, mo sì gbà pé ó tọ̀nà: oògùn bẹ́ẹ̀ lè tún da ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà bọ̀ sípò rú, ó sì lè gbé ẹni tó ti di ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣubú lóru. Ó ní ká kọ́kọ́ wo ara kí a tó pe ohunkóhun ní ọ̀rọ̀ ọkàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí a wò ni bóyá delirium ti padà dé, ìyẹn ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ tó máa ń bá aláìsàn lójijì nítorí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ abẹ, oògùn, tàbí ìtọ̀ tó há sára lásán. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ máa pariwo, kó máa fa dírípù yọ. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ni aláìsàn á dákẹ́, á máa tòògbé, oúnjẹ ò ní wù ú, a ó sì máa pè é ní ìbànújẹ́ nígbà tí kòkòrò ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. A lo 4AT, àyẹ̀wò kúkúrú fún delirium, tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. A wo bóyá ojú rẹ̀ dá. A bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ibi tó wà, ọdún tí a wà. A ní kó ka oṣù láti Disẹ́ńbà bọ̀ sẹ́yìn. A béèrè bóyá ìṣesí rẹ̀ ń yí padà láti wákàtí dé wákàtí. Ẹni tó bá gba 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ delirium. Òdo ni bàbá gbà. Ó ka oṣù náà dé Jánúárì láìṣì ọ̀kan.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi nǹkan ńlá hàn, thyroid rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ìrora la bá níbẹ̀. Wọ́n kọ oògùn ìrora rẹ̀ pé kí a fún un "tó bá béèrè", kò sì béèrè rí. A yí i sí oògùn wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn náà ló ń kọjú sí.

Ìwé ìbéèrè àti obìnrin tó ń gbálẹ̀

Ní ọjọ́ kọkànlá, a fún un ní HADS, ìwé ìbéèrè tí Zigmond àti Snaith gbé jáde ní 1983 fún àwọn tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ilé ìwòsàn gan-an. Ìbéèrè 14 ni, 7 fún àníyàn, 7 fún ìsoríkọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 3. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún irú aláìsàn yìí ni pé kò béèrè nípa oorun àti oúnjẹ. PHQ-9, ìwé ìbéèrè mìíràn fún ìsoríkọ́, ń béèrè wọn, ó sì wúlò púpọ̀ níbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lẹ́sẹ̀, tí ọgbẹ́ ń ta, lè gba máàkì ńlá níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Gbogbo wa ti ń sọ ọ́ fún ara wa pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe bàbá. Ọkùnrin tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kí ló tún kù? Èsì jáde: ìsoríkọ́ 9, àníyàn 15. Láti 8 dé 10 ni ojú ààlà, 11 sókè sì ni ibi tó ti ṣeé ṣe kí ìṣòro gidi wà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tí kì í mira, tí kì í sọ̀rọ̀, tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ti gba kádàrá, ẹ̀rù ló kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ìwé lè sọ pé ẹ̀rù wà, kò lè sọ ohun tó ń bani lẹ́rù. Obìnrin tó ń gbá wọ́ọ̀dù ló sọ èyí tó là wá lójú, láìmọ̀ pé ohun ńlá lòun ń sọ. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, ó ní: "Mo ti nù ún. Bàbá yẹn kì í mà í sùn o. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò lóru. Tí wọ́n bá ti ń ti bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́ bọ̀ lọ́nà, á di irin mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì." Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ọjọ́ tí bàbá ti dé. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

Aago méjì òru

Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mi ò mú ìwé dání. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, èyí sì nira fún mi nítorí aláìsàn 22 ló wà nílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì méjì. Mo wá ní: "Bàbá, mo rí i pé ẹnu ọ̀nà lẹ ń wò. Kí lẹ ń retí níbẹ̀?"

Ó pẹ́ kó tó fọhùn. "Mò ń wò bóyá wọ́n ti ń bọ̀ wá gé èyí tó kù."

Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. "Rárá o, Bàbá! Kò sẹ́ni tó fẹ́ gé nǹkan kan!" Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti yíjú sí ògiri. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dìde lórí àga yẹn, kò tún ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní: "Ẹ má bínú, Bàbá, mo já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ á mà pọ̀ o. Láti ọjọ́ wo lẹ ti ń dá a gbé?"

"Láti ìgbà tí mo ti jí."

Ó wá sọ ọ́. Ó rántí àwọn èèyàn tó fi nǹkan bo ẹnu àti imú, tí wọ́n yí òun ká. Ó rántí pé wọ́n so òun lọ́wọ́. Ó ké, ohùn kò jáde. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ń fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ẹsẹ̀ ti lọ. Ó kó àwọn ègé wọ̀nyí jọ, ó fi wọ́n hun ìtàn kan fúnra rẹ̀: pé òun ṣẹ̀ wọ́n níbi tí òun ti fa rọ́bà yọ, pé wọ́n fi ẹsẹ̀ òun jẹ òun níyà, pé ọmọ òun gbà fún wọn. Ìdí tí kì í fi yọ wá lẹ́nu nìyẹn. Ó rò pé bí òun bá kérora, bí òun bá béèrè oògùn, bí òun bá di ẹrù sí wa lọ́rùn, ẹsẹ̀ kejì ló kàn.

Ó tún rọra fi ohùn kékeré sọ èyí tó ń tì í lójú: ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ń yún un. Ó rò pé orí òun ti ń dàrú.

Mo bi í ní ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sá fún. "Bàbá, ṣé ó máa ń wá sí yín lọ́kàn pé ì bá sàn kí ẹ má sí láyé mọ́?" Ó ní òun ti gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì pé kí òun má jí. Mo bi í bóyá ó ti rò ó pé òun máa ṣe nǹkan kan sí ara òun. Ó ní rárá. Mo sọ fún un pé mi ò ní lè dá èyí mọ̀, pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, ó sì gbà, àmọ́ ó ní kí ọmọ òun má tíì gbọ́. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò ikú sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn; ìwádìí ti fi hàn bẹ́ẹ̀ léraléra, ojú èmi náà sì ti rí i. Ohun tí mo rí lójú bàbá lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ṣí fáìlì rẹ̀. "A ti ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún aláìsàn." Ọjọ́ karùn-ún ni, lẹ́yìn tí wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun. Nísàlẹ̀ ojú ewé kan náà, nọ́ọ̀sì ICU kọ ọ́ pé aláìsàn kò mọ ibi tó wà, ó ń sọ pé inú ọkọ̀ ojú omi lòun wà. Onítọ̀hún tó ṣàlàyé kò parọ́. Ó ṣàlàyé lóòótọ́, fún ẹni tí iyè rẹ̀ kò sí nílé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún un sọ, nítorí ìwé ti sọ fún gbogbo wa pé ó ti parí.

Ìpàdé tó bàjẹ́ àti èyí tó dára

Inú gbogbo wa dùn ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá pé a ti mọ ìdí. A kánjú. Dókítà àgbà, dókítà kékeré méjì, fisiò kan àti nọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká láti ṣàlàyé. Méjì nínú wọn fi ìbòmú bo ẹnu. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́." Àwòrán tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ICU gan-an la tún yà fún un, pẹ̀lú ọkàn rere. Dókítà àgbà rí i kíá, ó ní kí gbogbo wọn jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ì bá máa bá àlàyé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan ló wá. Ó yọ ìbòmú. Bàbá jókòó sórí àga, kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ sì ń rí ọ̀nà àbájáde. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá. Ìbéèrè ni dókítà fi bẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ní òye tiyín, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìlànà SPIKES fún ìfijíṣẹ́ ìròyìn burúkú, tó jáde ní 2000, fi ìbéèrè yìí ṣáájú ìròyìn fúnra rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo sì lóye ìdí. Bàbá sọ ìtàn rẹ̀ dé òpin. Dókítà kò já a gbà lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ló wá mú un láti ọjọ́ dé ọjọ́. Nígbà tí bàbá béèrè pé, "Ta ló so mí?", ó dáhùn pé: "Àwa ni, Bàbá. A so yín lọ́wọ́ lóòótọ́. Ẹ fa rọ́bà tí ẹ fi ń mí yọ, ẹ̀rù sì bà wá pé ẹ máa kú. Ó dùn mí pé ẹ jí, tí kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún yín." Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ìdáhùn yẹn. Ó rọrùn láti sọ fún ẹni tó bọ́ nínú delirium pé àlá lásán ló lá. Ṣùgbọ́n ìbòmú jẹ́ òótọ́, okùn ọwọ́ jẹ́ òótọ́, ohùn tí kò jáde jẹ́ òótọ́, torí rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀. Ìtumọ̀ nìkan ló ṣì. Ẹni tó bá sẹ́ gbogbo rẹ̀ fún un ti fi hàn án pé òun náà wà lára àwọn tó ń fi nǹkan pamọ́.

Bàbá ní òun fẹ́ rí ẹsẹ̀ náà. Àwòrán rẹ̀ wà nínú fáìlì. Dókítà bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú, kó tó fi hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó ti kú kí wọ́n tó gé e." Gbólóhùn yẹn ló kọ́kọ́ sọ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ láìsí ìjìyà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló béèrè èyí tó le jù: "Ṣé ẹ ò ní gé èyí tó kù?" Gbogbo ara mi fẹ́ kí dókítà sọ pé rárá láé. Kò sọ bẹ́ẹ̀, torí kò lè sọ ọ́; ẹni tí àtọ̀gbẹ ti gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ewu wà fún èkejì ju ti ẹlòmíràn lọ. Ó ní: "Ẹsẹ̀ yìí kò ní ọgbẹ́ kankan lónìí. Kò sí ètò kankan láti gé e. Bí nǹkan kan bá sì fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí i, ojú yín ni a ó ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi bí ẹ ó ṣe máa ṣọ́ ọ hàn yín." Ó kọ́ ọ láti máa fi dígí kékeré yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kó máa fọwọ́ wo àárín ọmọ ìka, kó sì tètè pariwo bó bá rí àwọ̀ tó yí padà. Láti ọjọ́ kejì, bàbá ń yẹ ẹsẹ̀ náà wò láàárọ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù kò lọ, ó rí iṣẹ́ ṣe.

Ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀lé e

Oníṣègùn ọpọlọ wá rí i lọ́jọ́ kan náà nítorí ọ̀rọ̀ àdúrà yẹn. Ó bi í dáadáa, ó sì gbà pé kò sí ètò láti pa ara rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ oògùn ìsoríkọ́. Ó ní oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, pé ẹ̀rù tó ní ìdí ni ìdí rẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú, kí a tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ti ọmọ ìka tó ń yún un, a sọ fún un pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ló máa ń ní i, àti pé láti 1871 ni Silas Weir Mitchell, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, ti fún un ní orúkọ, phantom limb, nítorí ohun tó rí lára àwọn ọmọ ogun tó tọ́jú. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò tíì sí oògùn kankan níbẹ̀ o, mímọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe ti tó fún un.

A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, a kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò lè rántí sí i, ní èdè tó yé e. Àwọn nọ́ọ̀sì Scandinavia ló bẹ̀rẹ̀ irú ìwé yìí fún àwọn tó ti ICU jáde. Mi ò ní sọ pé ìwé náà ń ṣe iṣẹ́ ìyanu: ìwádìí kan tó jáde ní 2010 láti àwọn ilé ìwòsàn Yúróòpù rí i pé ó ń dín ìdààmú ọkàn tí ìpayà ń fà (PTSD) kù, èyí tó jáde láti Faransé ní 2019 kò sì rí ìyàtọ̀. Ní ti bàbá yìí, àwọn ọjọ́ kan ti ṣófo nínú iyè rẹ̀, ó sì ti fi ẹ̀rù dí àyè náà. Ó máa ń ṣí ìwé yẹn lóru.

Fún ìgbà tí a bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ ọgbẹ́, a bá a ṣe àdéhùn: a ó sọ fún un ní wákàtí kan ṣáájú, a ó máa sọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí a tó ṣe é, bó bá sì na ọwọ́ sókè, gbogbo wa á dúró. Fisiò kọ́ ọ láti máa mí sínú títí a ó fi ka 4, kó sì mí síta títí a ó fi ka 6. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mẹta ló na ọwọ́. Gbogbo ìgbà náà la dúró. Lọ́jọ́ ogún, kò nà án rárá.

Ó ní kí a pe ọmọ òun lọ́jọ́ kẹrìndínlógún. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí n wà níbẹ̀. Ọmọ náà bá mi lọ́nà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun rò pé bàbá òun ò ní dárí ji òun láé nítorí ìwé tí òun fọwọ́ sí. Ìdààmú ti bá ẹni méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, ẹnì kan la sì ń tọ́jú.

A ṣe àṣìṣe mìíràn lọ́jọ́ kejìdínlógún. Aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kàn án dákú lóru, àwọn èèyàn sáré wọlé pẹ̀lú ìbòmú àti kẹ̀kẹ́. Nígbà tó rọlẹ̀, gbogbo wa lọ. Kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ bàbá láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Kò jẹun lọ́jọ́ kejì, ògiri náà ló tún kọjú sí. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ ló rántí, ó jókòó tì í, ó sọ ọ́ fún un, ó jẹun ní ìrọ̀lẹ́.

A tún HADS ṣe lọ́jọ́ kọkànlélógún: àníyàn 9, ìsoríkọ́ 6. Ó ń jẹun tán, insulin rẹ̀ ti dúró déédéé, ó sì ti fi igi ìtẹ̀lẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà tó ń wò lóru yẹn. Ọjọ́ kẹrìnlélógún ló lọ sílé. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ṣì ń lá àlá okùn ọwọ́ náà bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Irú àlá bẹ́ẹ̀ tó bá kọjá oṣù kan kì í ṣe ohun tí a ń fi "á lọ fúnra rẹ̀" tọ́jú, a sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn.

Ohun tó yí padà ní wọ́ọ̀dù wa

A yọ "A ti ṣàlàyé fún aláìsàn" kúrò nínú ìwé wa. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni "Kí ni aláìsàn sọ pé òun gbọ́?", ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ sì la ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ICU dé, nígbà tí 4AT rẹ̀ bá ti mọ́, ẹnì kan á jókòó tì í láàárín ọjọ́ méjì, á sì bi í pé kí ló rántí. "Ara aláìsàn balẹ̀" náà ò sí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí: ó sùn wákàtí mélòó, ó jẹ èló, ta ló bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ jù la kọ́kọ́ ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ náà ń bá wa jókòó báyìí nígbà tí a bá ń fi iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìyá kan ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin ń kó oògùn tí a ń fún un pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, àti pé ó máa ń ká ọwọ́ bò wọ́n tí dókítà kan báyìí bá wọlé. Nọ́ọ̀sì kan ti ń jókòó tì í láti ìgbà náà. Ìyá ò tíì sọ̀rọ̀.